Báńdì Ń Pè, Ìwé Náà Ń Pè

Bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ìbáà jẹ́ ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní Iléṣà, kì í pẹ́ tí ìpè fi ń wọlé fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹgbẹ́ akọrin ń pè é, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ń pè é, àwọn olóṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì ní jẹ́ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n ìpè kan wà tí kì í ti ẹnu ènìyàn wá. Ìlù ńlá ni yóò kọ́kọ́ dún, fèrè yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ aṣọ kan náà yóò sì máa gbé ẹsẹ̀ kan náà bọ̀ lójú títì. Kí ẹni tí ń wòran tó mọ̀, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti ń bá wọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò dé: ṣé kí n wọ ẹgbẹ́ báńdì, àbí kí n jókòó ti ìwé mi? Ìbéèrè náà kò kéré. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí fi agbára káká san wà nínú rẹ̀. Èsì ìdánwò ọdún kìíní, tí kò ní kúrò nínú àkọsílẹ̀ ẹni títí di ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, wà nínú rẹ̀. Ayọ̀ ìgbà ọ̀dọ́, tí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú òṣómàáló wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ orúkọ yìí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọn a sì máa tà á ní àwìn. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi dé ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ báńdì ń tajà àwìn bákan náà. Àkókò rẹ̀ ni ọjà, ẹgbẹ́ ni ó gbé e fún, ọjọ́ iwájú ni yóò sì gba owó rẹ̀. Òṣómàáló kì í gbé aṣọ fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀. Ó mọ iye tí aṣọ náà tó, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò padà wá gba owó. Ohun tí ó yẹ kí ẹ̀yin náà mọ̀ kò ju mẹ́ta yìí lọ.

Báńdì wo ni ó ń pè yín?

Ní Amẹ́ríkà, báńdì tí ń yan jẹ́ ohun ìní yunifásítì fúnra rẹ̀. Ó ní olùkọ́ tí yunifásítì ń sanwó oṣù fún, ó ní ilé ohun èlò, ó sì sábà máa ń ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ọwọ́ wọn dá múṣémúṣé. Ẹ gbé Yunifásítì Florida A&M yẹ̀ wò, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà. Ní 1946 ni William P. Foster bẹ̀rẹ̀ sí í darí báńdì wọn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Marching 100. Ní oṣù Keje 1989, àwọn ni wọ́n lọ yan ní ìlú Paris lórúkọ Amẹ́ríkà, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ń ṣe àjọ̀dún igba ọdún tí àwọn ará ìlú dìde sí ìjọba ọba. Ẹni tí ó bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé yunifásítì ni òun bá dòwò.

Tiwa yàtọ̀. Báńdì tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà ń bá pàdé lọ́dọ̀ wa jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti Bọ́ìsì Bìrìgéèdì, tàbí ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó ara wọn jọ láti máa gba iṣẹ́ òde. Bọ́ìsì Bìrìgéèdì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. William Alexander Smith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Glasgow ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá 1883, ó sì dé Èkó ní 1908, ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Ọlọ́wọ́gbowó. Ẹni tí ó bá mọ bí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe fìdí múlẹ̀ tó ní Iléṣà, ìlú tí ilé ìwòsàn Wesley Guild wà, mọ̀ pé ìlù Bìrìgéèdì ti di ohùn ilé níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń gba iṣẹ́ òde ní tiwọn ti di ará ọjà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí kò ní báńdì tirẹ̀ yóò pè wọ́n síbi ìdíje eré ìdárayá. Ẹbí olókùú yóò pè wọ́n kí wọ́n fi fèrè sin àgbàlagbà dé ibojì. Onílé tuntun yóò pè wọ́n, àwọn tí ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì náà yóò pè wọ́n. Wọ́n ń gba owó, wọ́n sì ń pín in. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ó ń gba owó kì í lè sọ pé ìwé ń dí òun lọ́wọ́. Bí òkú bá sùn, ọjọ́ tí ẹbí bá mú ni báńdì ń lọ, ìdánwò ì báà wà ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó ni báńdì náà? Bí ó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò máa darí rẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó sì máa fun. Òṣogbo kò lè gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1961, Dúró Ládiípọ̀ gbé orin Àjíǹde tí ó kọ wọ ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò gbà á, ó sì di àríyànjiyàn ńlá. Ọ̀nà tí ó gbà jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà ni ó gbé e dé Mbárí Mbáyọ̀, tí wọ́n ṣí ní Òṣogbo ní 1962. Ọgbọ́n wà nínú ìtàn náà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ mùsùlùmí tí báńdì ìjọ ń wù, àti fún akẹ́kọ̀ọ́ kristẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí òde tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ìwà rere kò sọ pé kí a má wọ ilé onílé. Ohun tí ó sọ ni pé kí a béèrè òfin ilé kí a tó bọ́ bàtà.

Fèrè tí ń rìn kì í ṣe àjèjì

Àwọn àgbà kan a máa sọ pé àṣà òyìnbó ni fèrè àti yíyan, pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nídìí rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Láàrin 1873 sí 1901, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun láti erékùṣù West Indies wá sí Cape Coast àti Elmina ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Àwọn yìí ní báńdì tiwọn, ọwọ́ wọn sì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti rí bí a ṣe lè fi fèrè òyìnbó fun orin aláwọ̀ dúdú. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé háílàìfù.

Ṣùgbọ́n kí fèrè onídẹ ti òyìnbó tó dé, kàkàkí ti ń dún ní ààfin Ọ̀yọ́. Bẹ̀ǹbẹ́, ìlù olójú méjì tí wọ́n ń lù fún Ọ̀ṣun, ti ń bá èrò rìn lọ sí etí odò ní Òṣogbo. Ní Iléṣà, tí ọjọ́ Ìwúdè bá pé, tí Ọwá bá jáde pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀, ta ni yóò sọ pé àwọn Ìjẹ̀ṣà kò mọ bí a ṣe ń fi ìlù àti ẹsẹ̀ gba ìgboro? Ohun tí báńdì mú wá ní àmúwá ni títò lẹ́sẹẹsẹ àti gbígbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyókù ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àjèjì dí yín lọ́nà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àṣà tì yín wọ̀ ọ́.

Iye tí ọjà náà tó

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ẹgbẹ́ ń ṣe ìdánrawò ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí méjì. Wákàtí 6 ni ọ̀sẹ̀ kan gbà. Sáà ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì wa jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15, èyí tí ó mú un di wákàtí 90. Lọ́nà tí a ń gbà ka ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15 ni yúnítì kan. Ìdánrawò nìkan tó yúnítì 6, bí ẹni tí ó lọ fi ẹ̀kọ́ oníyúnítì mẹ́ta méjì kún ẹrù rẹ̀. A kò tíì fọwọ́ kan òde Sátidé. Bí ẹgbẹ́ bá jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ ní sáà kan, tí òde kọ̀ọ̀kan gba wákàtí 6 pẹ̀lú ìrìn àjò, wákàtí 48 tún ti lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 138, ó sì lé ní yúnítì 9.

Ṣé ó ti pọ̀ jù? Ibi tí wákàtí náà ti wá ni yóò dáhùn. Ẹ mú fóònù yín, ẹ wo iye wákàtí tí ẹ fi tẹjú mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Fóònù fúnra rẹ̀ a máa ṣírò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 25, tí ẹ sì lè yọ 9 nínú rẹ̀ fún báńdì, ìwé yín kò pàdánù ohunkóhun. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ jèrè, nítorí ẹni tí ó mọ̀ pé agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìdánrawò yóò ka ìwé rẹ̀ ní agogo mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tàbí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí ìdánwò inú yàrá ìwádìí rẹ̀ ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́, inú iṣẹ́ yín gan-an ni wákàtí náà yóò ti jáde. Ẹni tí ó lé eku méjì á pòfo.

Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ náà kí ẹ tó san owó aṣọ. Ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama sábà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, láàrin oṣù Kìíní sí Ìkẹta. Òde ìgbéyàwó, ìkórè àti òkú a máa pọ̀ nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n... rárá, kí a má ka gbogbo rẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni ti Àwọn Ọmọdé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ti òmìnira, ọjọ́ méjèèjì sì jẹ́ ọjọ́ yíyan jákèjádò ìpínlẹ̀. Ẹ gbé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ ìdánwò yín. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá wà ní Iléṣà, tí báńdì sì wà ní Òṣogbo, ẹ fi nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà àlọ àti ọgbọ̀n kìlómítà àbọ̀ kún un, kí ẹ sì rántí pé alẹ́ ni ẹ ó máa padà.

Ta ni ó di ọ̀pá mú?

Gbogbo báńdì ni ó ní aṣáájú kan tí ń di ọ̀pá mú níwájú, tí ó ń jù ú sókè, tí ó sì ń hán an bọ̀. Ẹ má ṣe wo bí ó ṣe ń ju ọ̀pá nìkan. Ẹ wo bí ó ṣe ń bá ọmọ tuntun sọ̀rọ̀.

Marching 100 tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan ní ojú àpá kan lára. Ní oṣù Kọkànlá 2011, lẹ́yìn ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní ìlú Orlando, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lu ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn nínú bọ́ọ̀sì, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 26 ni. Wọn kò bínú sí i. Àṣà ìgbàwọlé tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn ni wọ́n pè é, pé ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ la ìnà kọjá. Yunifásítì dá báńdì náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé-ẹjọ́ sì dá àwọn kan lẹ́bi. Orúkọ tí wọ́n ti ń kọ́ láti 1946 fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa kò nílò àlàyé púpọ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ wá lóru, tàbí pé ẹ kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún òbí yín, tàbí pé wọn yóò nà yín kí ẹ tó lè di ọmọ ẹgbẹ́, ẹ yí ẹ̀yìn padà lójú ẹsẹ̀. Ìyà ìdánrawò wà, a sì mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ á ro, ètè á ro. Kò sí pàṣán nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà. Ẹ béèrè ẹni tí ó ni fèrè tí ẹ ó máa fun, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó òde, bóyá wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, àti bóyá ọmọ tuntun ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ tún béèrè bí ẹ ó ṣe máa délé lẹ́yìn òde alẹ́, àti bóyá ìlù àti fèrè ni wọ́n fẹ́ kí ẹ lù kí ẹ sì fun, tàbí wọ́n kàn fẹ́ kí ẹ máa jó níwájú. Aṣáájú rere kì í bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tí ó bá bínú ti dá yín lóhùn.

Etí, ètè àti ẹsẹ̀

Yíyan kì í ṣe ìrìn fàájì. Ìgbésẹ̀ 120 ni báńdì sábà ń gbé ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà, mítà 90 ni ẹ ó rìn ní ìṣẹ́jú náà. Òde tí ó bá gba kìlómítà mẹ́ta yóò gba 4,000 ìgbésẹ̀, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nínú oòrùn, pẹ̀lú aṣọ tí ó nípọn àti ohun èlò lọ́wọ́, ẹ ó sì máa fun fèrè. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀, kí ó sì sọ fún aṣáájú ẹgbẹ́ pẹ̀lú.

Etí ni a sábà ń gbàgbé. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tí ń rí sí ìlera àwọn òṣìṣẹ́, sọ pé kí etí má ṣe gba ariwo decibel 85 ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Bí ariwo bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ìlù kékeré tí a ń fi igi méjì lù lè kọjá 100 fún ẹni tí ó dúró tì í. Ohun ìdí-etí kékeré tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn kò wọ́n, etí tí ó bá sì ti di kò ní ààrọ̀. Ẹ má sì ṣe fi ẹnu yín sí ẹnu fèrè tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ fun láìfọ̀ ọ́.

Kí ni ẹ ó gbà padà?

Òṣómàáló ti lóṣòó báyìí, ó ń dúró de owó rẹ̀. Kí ni báńdì yóò san?

Ó lè san ìmọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, dò-rè-mí ni a fi ń kọ́ orin. Báńdì tí ó dára yóò kọ́ yín láti ka orin tí a kọ sórí ìlà márùn-ún, èdè kan tí akọrin ní Òṣogbo àti akọrin ní Tokyo jọ ń kà. Fèrè àwọn ológun tí kò ní bọ́tìnnì yóò kọ́ yín bí ètè nìkan ṣe ń yí ohùn padà. Trumpet, tí bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, yóò kọ́ yín bí ohun kékeré ṣe ń bí púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè tẹ̀ síwájú dé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ MUSON ní Oníkàn, l'Ékòó.

Ó lè san iṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ní báńdì, àwọn ológun ní ilé-ẹ̀kọ́ orin tiwọn ní Òjó, l'Ékòó. Orin orílẹ̀-èdè tí a kọ láti 1978 títí di 2024, Benedict Odiase, olùdarí báńdì ọlọ́pàá, ni ó gbé ohùn rẹ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì dé àgọ́ àgùnbánirọ̀, bí irú èyí tí ó wà ní Ẹdẹ, ẹ ó rí i pé ní ọjọ́ 21 tí ẹ ó lò níbẹ̀, báńdì ni ó ń jí gbogbo àgọ́, ẹni tí ó bá sì ti mọ fèrè tàbí ìlù ní àyè nínú rẹ̀.

Ó lè san ohun tí ẹ kò retí. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jó kiri pẹ̀lú olóògùn dé Òṣogbo, ó sì wọ Mbárí Mbáyọ̀ nítorí ijó. Inú ibẹ̀ ni ó ti bá Georgina Beier pàdé, tí ó sì di ayàwòrán. Orúkọ rẹ̀ ni Twins Seven-Seven, ẹni tí UNESCO sọ di Oníṣẹ́-ọnà fún Àlàáfíà ní 2005. Ohun tí ó fa ènìyàn wọ ẹgbẹ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí yóò mú jáde.

Èyí tí ó dájú jù nínú owó náà ni pé ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ọ̀kan láàrin ogójì. Nínú báńdì, ẹni tí ó bá fẹ́ dá tàn ni ó ń ba orin jẹ́. Ẹ ó gbọ́ ẹni tí ó wà lọ́tùn-ún, ẹ ó wo ẹni tí ó wà níwájú, ẹ ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ dákẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ibi tí a ti lè fi ara kọ́ ọ kò sì pọ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe fi Victor Ọláìyá ṣe àwíjàre

Ẹni tí báńdì bá ti wọ̀ lọ́kàn a máa dárúkọ àwọn àgbà olórin. Òótọ́ ni pé Victor Ọláìyá, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì, ti ń fun fèrè láti kékeré, àti pé ní 1951, nígbà tí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, orin ni ó yàn, bí inú àwọn òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí i. Òótọ́ ni pé Sunny Adé, tí wọ́n bí ní Òṣogbo, kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ nítorí orin, ó sì bá ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo wa padà mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Àwọn tí fèrè gbè ni a mọ orúkọ wọn. Àwọn tí wọ́n fi ìwé sílẹ̀ tí fèrè kò sì gbè, ta ni ó kọ ìtàn wọn? Ayé ìgbà náà sì yàtọ̀: ilé ijó kún Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n sì ń wá afunfèrè lójú méjèèjì. Lónìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó tún yẹ kí a rí i pé kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ yan ọ̀kan kí ẹ kọ ìkejì. Báńdì ilé-ẹ̀kọ́ kò béèrè pé kí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ìjà láàrin méjèèjì ni ó ń wá àwíjàre.

Ibi tí mo dúró sí

Èrò tèmi ni pé kí ẹ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n fún sáà kan ṣoṣo ná. Ẹ jẹ́ kí sáà àkọ́kọ́ ní yunifásítì kọjá, kí ẹ mọ bí ẹ̀kọ́ yín ṣe wúwo tó. Bí èsì bá jáde, tí ó sì dára, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní sáà kejì. Ẹ sọ fún aṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀ pé sáà kan ni ẹ wá dán wò, kí ó má baà dà bí ọ̀dàlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kúrò. Ẹ kọ èsì tí ẹ kò fẹ́ kí ó jábọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fún ọ̀rẹ́ kan tí kì í bẹ̀rù yín. Bí èsì bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dá fèrè padà fún sáà kan, kí ẹ tún ẹsẹ̀ yín ṣe.

Ní ti àwọn òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí yín nínú aṣọ báńdì lórí Facebook. Ẹ lọ bá wọn nílé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ gbé èsì sáà àkọ́kọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, ẹ gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tì í, ẹ sì sọ iye wákàtí tí yóò gbà. Òbí tí ó bá rí ọmọ tí ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣòroó kọ̀ fún. Bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ bi wọ́n ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìrìn alẹ́, kí ó máà jẹ́ fèrè rárá. Ìrìn alẹ́ sì ní àtúnṣe.

Ẹni tí ó bá sì ro gbogbo rẹ̀ tán, tí ó rí i pé kò sí àyè, kí ó má ṣe banú jẹ́. Báńdì ìjọ kì í lé afunfèrè tí ó dàgbà sẹ́yìn. Ẹ ka ìwé yín jáde, kí ẹ padà wá nígbà tí ẹ bá ti lè fi owó ara yín ra fèrè.